Báwo ni mo ṣe lè ya ọkọ̀ ìṣeré níta kó dà bí ọkọ̀ gidi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ọkọ̀ ìṣeré kan, ìwọ̀n 1:24 (ọkọ̀ gidi fi ìlọ́po 24 tóbi jù ú lọ). Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí, ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀, kò sí ohun tí kò sí lára rẹ̀. Mo gbé e síta, mo kúnlẹ̀, mo fi kámẹ́rà ńlá yà á, mo sì jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣú bàìbàì kó lè rẹwà. Síbẹ̀, gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń sọ pé ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ẹnìkan ní kí n lọ ra lẹ́ǹsì tó dáa ju èyí lọ. Ẹlòmíràn ní ọkọ̀ yẹn gan-an ni kò dáa tó. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Mi ò fẹ́ fi kọ̀ǹpútà lẹ àwòrán kan mọ́ òmíràn o. Inú kámẹ́rà ni mo fẹ́ kó ti parí.

* * *

Ẹ má ra nǹkan kan. Bàìbàì tí ẹ fi sẹ́yìn ọkọ̀ yẹn gan-an ló tú àṣírí yín.

Tí nǹkan kékeré bá sún mọ́ lẹ́ǹsì, ojú ibì kan ṣoṣo lára rẹ̀ ló máa ń hàn kedere. Iwájú ibẹ̀ á ṣú, ẹ̀yìn ibẹ̀ á ṣú. Tí nǹkan bá tóbi, tó sì jìnnà díẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa ń hàn pa pọ̀. Ojú wa ti mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́, kò sẹ́ni tó kọ́ wa. Ẹ wo àwọn tó máa ń ya ìlú láti orí ilé gíga, tí wọ́n á wá sọ apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ àwòrán náà di bàìbàì. Lójú ẹsẹ̀, ìlú gidi á di ohun ìṣeré, àwọn èèyàn inú rẹ̀ á dà bí ère tí wọ́n fi ike ṣe. Ohun tí wọ́n fi ń sọ ńlá di kékeré lẹ̀ ń lò fún ohun tó ti kéré tẹ́lẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ á ní ẹ̀yìn tó ṣú ló ń jẹ́ kí fọ́tò rẹwà. Fún àwòrán ojú èèyàn, mo gbà. Fún iṣẹ́ yìí, rárá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ ìṣeré dà bí ọkọ̀ gidi gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ohun gbogbo hàn, láti iná iwájú ọkọ̀ títí dé igi tó wà lókèèrè.

* * *

"Kámẹ́rà mi kì í jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ hàn."

Ó máa jẹ́. Ẹ dín ihò lẹ́ǹsì kù. Bí ẹ bá ń lo f/2.8 tàbí f/4, ẹ gbé e lọ sí f/16, tàbí f/22 pàápàá (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń tóbi sí i ni ihò ń kéré sí i). Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á dín kù, torí náà ẹ gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ pẹ́ ní ṣíṣí. Ọkọ̀ ìṣeré kì í rìn, kò sí ìkánjú. Atẹ́gùn tó ń mi ewé nìkan lẹ máa ṣọ́.

Àwọn tó mọ̀ nípa lẹ́ǹsì á sọ pé ihò tó bá ti há jù ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fọ́n ká, tí gbogbo àwòrán á fi rọ̀ díẹ̀. Òótọ́ ni. Mo ṣì fara mọ́ ọn. Àwòrán tó rọ̀ díẹ̀ káàkiri ṣeé gbà gbọ́ ju èyí tí iwájú ọkọ̀ hàn ketekete tí táyà ẹ̀yìn sì ti dàwátì.

Ohun kejì kò ná yín ní nǹkan kan: ẹ sún sẹ́yìn. Tí ẹ bá wà ní ìlọ́po méjì ibi tí ẹ wà tẹ́lẹ̀, apá tó ń hàn kedere á fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ẹ gé etí àwòrán dànù, kí ọkọ̀ lè kún ojú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń rò pé lẹ́ǹsì ló ń pinnu bí nǹkan ṣe ń tóbi síra wọn nínú àwòrán. Ibi tí ẹ dúró sí ló ń pinnu rẹ̀. Lójú ọkọ̀ 1:24, sẹ̀ǹtímítà 25 dọ́gba pẹ̀lú mítà 6. Sẹ̀ǹtímítà 50 dọ́gba pẹ̀lú mítà 12. Ẹ bi ara yín léèrè: tí ọkọ̀ gidi bá wà níwájú mi, ibo ni mo máa dúró sí kí n tó yà á? Ta ló máa ń dúró ní mítà kan sí ọkọ̀ kó tó ya gbogbo rẹ̀? Àmọ́ ẹni tó gbé lẹ́ǹsì sí sẹ̀ǹtímítà 4 sí ọkọ̀ ìṣeré, ohun tó ń ṣe gan-an nìyẹn.

* * *

Ẹnìkan sọ pé fóònù kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, pé kámẹ́rà gidi ló yẹ kéèyàn lò. Mi ò gbà.

Sẹ́ńsọ̀ inú fóònù, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn lẹ́ǹsì, kéré, sẹ́ńsọ̀ kékeré sì ni ọ̀rẹ́ wa níbí. Fóònù àtijọ́ tí ihò lẹ́ǹsì rẹ̀ jẹ́ f/1.8 máa ń jẹ́ kí iwájú àti ẹ̀yìn hàn bíi ti kámẹ́rà ńlá tí wọ́n gbé sí nǹkan bí f/12. Àwọn fóònù tuntun tó lówó lórí ni kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa, torí sẹ́ńsọ̀ wọn ti ń tóbi sí i. Nítorí náà, fóònù àtijọ́ tí ẹ ti jù sínú dúrọ́ọ̀ lè wúlò ju èyí tó wà lọ́wọ́ yín lọ. Àwọn kámẹ́rà pẹlẹbẹ àtijọ́ tí èèyàn lè dín ihò wọn kù dé f/8 tún dára jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ pa ipò Portrait lórí fóònù, torí bàìbàì tí a ń sá fún ló máa ń fi síbẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra: tí ẹ bá sún mọ́ nǹkan jù, ọ̀pọ̀ fóònù á yí ara rẹ̀ sí lẹ́ǹsì tó fẹ̀ jù, etí àwòrán á sì máa tẹ̀. Ẹ tún sún sẹ́yìn.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé "ẹ kàn gbé e sílẹ̀, kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ yà á," ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwòrán ti ń bàjẹ́.

Ojú ẹni tó dúró máa ń ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 160 sílẹ̀. Ẹ pín in sí 24: kò tó 7. Sẹ̀ǹtímítà 7 péré ni lẹ́ǹsì yẹ kó fi ga ju ilẹ̀ tí ọkọ̀ 1:24 wà lọ. Fún 1:18, ó tó 9. Fún ère ìwọ̀n 1:6, ó tó 27. Ìdí nìyí tí dídọ̀bálẹ̀ fi dára ju kíkúnlẹ̀ lọ, mo gbà pẹ̀lú wọn débẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ilé gidi, igi gidi, ọ̀nà gidi ló wà níbẹ̀, ẹ sì ń wò wọ́n láti ibi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 7, bí eku ṣe ń wò wọ́n. Ọkọ̀ ń sọ pé èèyàn ló ń wo òun, ilé ń sọ pé eku ni. Koríko tó wà láàárín wọn á ga bí igi. Ojú ẹni tó ń wo àwòrán lè má mọ ohun tó fà á, àmọ́ kò ní gbà á gbọ́.

Michael Paul Smith, ará Amẹ́ríkà tó kú ní 2018, ni mo máa ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó dá ìlú kan tí kò sí níbì kankan sílẹ̀, ó pè é ní Elgin Park, ó sì fi ọkọ̀ ìṣeré 1:24 àti àwọn ilé kékeré tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn kún un. Kámẹ́rà kékeré tí kò wọ́n ló lò, kò sì fi kọ̀ǹpútà lẹ ohunkóhun pọ̀. Tábìlì ló máa ń gbé lọ síta. Ó á to ọkọ̀ àti ilé sórí rẹ̀, ó á wá fi igi àti ilé gidi tó wà lókèèrè ṣe ẹ̀yìn àwòrán. Tábìlì yẹn ni gbogbo àṣírí rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Iye tí lẹ́ǹsì fi ga ju ojú tábìlì lọ, tí ẹ bá fi 24 sọ ọ́ di púpọ̀, gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú iye tí lẹ́ǹsì fi ga ju ilẹ̀ gidi lọ. Nígbà náà, ọkọ̀ kékeré àti ilé ńlá á gbà pé ẹnìkan náà ló ń wo àwọn méjèèjì. Tí ẹ bá fẹ́ ojú ẹni tó dúró, lẹ́ǹsì á wà ní sẹ̀ǹtímítà 160 sílẹ̀, ojú tábìlì á sì ga tó 153. Mo mọ̀ pé kò sí tábìlì tó ga tó bẹ́ẹ̀. Pákó pẹlẹbẹ lórí ògiri tó ga dé èjìká lè ṣe é, tàbí pákó lórí àkàbà tó dúró dáadáa.

* * *

"Tábìlì lásán tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 75 ni mo ní. Ṣé kí n gbàgbé ẹ̀ ni?"

Rárá o. Ẹ gbé lẹ́ǹsì wá sílẹ̀ títí á fi kù díẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ sójú tábìlì. Ìṣirò náà á tún bára mu. Ó kàn jẹ́ pé ojú ẹni tó lóṣòó ni, kì í ṣe ojú ẹni tó dúró. Ojú ẹni tó lóṣòó rẹwà gan-an fún ọkọ̀. Ẹ pín gíga tábìlì yín sí 23 tó bá jẹ́ ọkọ̀ 1:24 (ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú ìwọ̀n ọkọ̀ kí ẹ tó pín in), ohun tí ẹ bá rí ni lẹ́ǹsì yẹ kó fi ga ju tábìlì lọ. Ẹ mú rúlà dání. Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀, torí ìyàtọ̀ sẹ̀ǹtímítà kan lórí tábìlì tó ìyàtọ̀ sẹ̀ǹtímítà 24 lójú àwòrán.

Etí tábìlì tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ńkọ́? Tí gíga bá ti bára mu, tí etí yẹn wà ní sẹ̀ǹtímítà 50 sí lẹ́ǹsì, á bọ́ sórí ilẹ̀ gidi tó wà ní mítà 12. Ohunkóhun tó bá sún mọ́ yín ju mítà 12 lọ, tábìlì ti bo ilẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wá ibi tí ilẹ̀ gidi láti mítà 12 lọ ti jọ ohun tí ẹ tẹ́ sórí tábìlì. Ọ̀dà dúdú lórí tábìlì, ọ̀dà dúdú lọ́nà. Erùpẹ̀ lórí tábìlì, erùpẹ̀ lókèèrè. Tí àwọ̀ méjèèjì kò bá bára mu, ẹ to òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ògiri kékeré sí etí náà. Èmi fẹ́ràn ògiri, torí kò sẹ́ni tí í béèrè ohun tó wà lẹ́yìn ògiri.

Ìgbà kan wà tí ilẹ̀ lásán náà dára o: tí kò bá sí nǹkan lẹ́yìn ọkọ̀ ju ọ̀run tàbí òkè tó jìnnà réré lọ. Òkè tó wà ní kìlómítà púpọ̀ kò bìkítà bóyá ojú yín ga ní sẹ̀ǹtímítà 7 tàbí 160.

* * *

Lórí ìmọ́lẹ̀, ẹni tó sọ pé inú ilé pẹ̀lú àtùpà dára ju ìta lọ kò tíì wo òjìji dáadáa.

Oòrùn jìnnà débi pé ìtànṣán rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ wo etí òjìji: kì í gé ṣáá, ó máa ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, rírọ̀ yẹn sì máa ń fẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún jíjìnnà tí òjìji jìnnà sí ohun tó dá a. Òjìji òrùlé ọkọ̀ gidi lè rọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀. Ti ọkọ̀ ìṣeré 1:24 á rọ̀ ní ìlàjì mìlímítà àti díẹ̀. Ẹ fi 24 sọ èyí di púpọ̀, ẹ ó rí i pé ìkan náà ni. Oòrùn ti bá yín dín òjìji kù láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́. Àtùpà tó wà nítòsí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: òjìji á máa ya lọ sọ́tùn-ún sósì, iwájú ọkọ̀ á mọ́lẹ̀ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Fíláàṣì burú jù gbogbo wọn.

Ìjà ti àárọ̀ àti ọ̀sán ni mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà pẹ́. Oòrùn àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ rẹwà sí i, òjìji á gùn, àmọ́ ọ̀sán kò purọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí òjìji yín, ti ẹsẹ̀ mẹ́ta kámẹ́rà, àti ti tábìlì fúnra rẹ̀ má wọ inú àwòrán.

* * *

Ẹnìkan béèrè nípa omi: ó fẹ́ ya ọkọ̀ ojú omi ìṣeré nínú adágún.

Omi kì í gbà kéèyàn dín in kù. Ẹ̀kán omi kan tó fẹ̀ ní mìlímítà 4 á dà bí bọ́ọ̀lù tó fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 9 lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ 1:24. Ìgbì wẹ́wẹ́ tó ń yí ohun ìṣeré ká náà á máa pariwo bí nǹkan ọ̀hún ṣe kéré tó. Àwòrán Loch Ness, adágún kan ní Scotland, tó jáde nínú ìwé ìròyìn Daily Mail ní 1934 wà níbẹ̀ fún ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹranko ńlá tó gbé ọrùn sókè nínú adágún ni. Ní 1994 ni àṣírí tú síta pé ọkọ̀ abẹ́ omi ìṣeré ni wọ́n mọ orí àti ọrùn lé. Ẹ wo ìgbì tó yí i ká nínú àwòrán náà: ìgbì kéékèèké ni, wọn kò bá ẹranko ńlá mu. Nínú ẹ̀dà tí wọn ò tíì gé, nǹkan náà tún kéré sí i.

Nítorí náà, ẹ yà á nígbà tí atẹ́gùn kò fẹ́, kí ojú omi tẹ́jú pátápátá. Ìgbì tí kò sí kò lè jẹ́rìí.

Ọ̀rọ̀ Loch Ness yìí ló mú kí ẹlòmíràn béèrè bóyá irọ́ la ń pa. Ìbéèrè gidi ni. Ní oṣù kejì 2005, wọ́n gbé àwòrán kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni, pé wọ́n ti mú un ní Iraq, wọ́n sì ní àwọn á pa á. Ère ìṣeré ni. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò níbẹ̀ nígbà náà, bí ọkàn yín ṣe máa rí. Mo máa ń kọ ìwọ̀n ohun ìṣeré sábẹ́ gbogbo àwòrán mi, mo sì rò pé ó yẹ kí gbogbo wa máa kọ ọ́. Kì í ba adùn rẹ̀ jẹ́ rárá. Ẹni tó bá kà á tán ló máa ń padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

* * *

Ẹ padà sí ọkọ̀. Ẹni tó sọ pé ọkọ̀ yín kò dáa tó ń ṣì yín lọ́nà, àmọ́ nǹkan díẹ̀ wà tí ẹ lè ṣe sí i.

Ó ń dán jù. Ọ̀dà ara ohun ìṣeré nípọn, ó sì ń tàn yanran. Ẹ fọ́n ọ̀dà aláìláwọ̀ tí kì í dán sí abẹ́ rẹ̀ àti táyà rẹ̀, ẹ fi eruku díẹ̀ kun ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ẹ nu àmì ìka ọwọ́ yín kúrò lára gíláàsì, torí àmì ìka kan lè bo wíńdò odindi.

Kò wúwo lójú. Táyà ọkọ̀ gidi máa ń tẹ̀ díẹ̀ níbi tó ti kan ilẹ̀. Ti ọkọ̀ ìṣeré kàn fara kan ilẹ̀ ni, ó dà bí ẹni pé atẹ́gùn lè gbé e. Ẹ rì í sínú erùpẹ̀ díẹ̀, bíi mìlímítà kan. Mark Hogancamp, ará Amẹ́ríkà tó fi ère 1:6 kọ́ ìlú ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì kan sí àyíká ilé rẹ̀, máa ń so okùn mọ́ ọkọ̀ ológun rẹ̀, á sì máa fà á lọ lójú títì kí táyà rẹ̀ lè jẹ bíi ti ọkọ̀ tó ti rìn. Àwòrán rẹ̀ fi hàn pé ìsapá náà kò já sásán.

Ilẹ̀ ńkọ́? Hóró iyanrìn tó jẹ́ ìlàjì mìlímítà á dà bí òkúta tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan lé díẹ̀. Ẹ fi asẹ́ tó kúnná jù sẹ́ erùpẹ̀ gbígbẹ, ẹ lo èyí tó dà bí àtíkè. Ewé gidi kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 4 á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan, torí náà ẹ yọ gbogbo ewé kúrò nítòsí ọkọ̀. Àwọn ewéko tín-tìn-tín tó máa ń hù lára ògiri tútù ló ń dà bí igbó.

* * *

"Mo ti gbé e sórí tábìlì, mo lo f/16. Ó ti sún mọ́ ọn gan-an! Gbogbo orí òrùlé ọkọ̀ ń hàn, àmọ́ nǹkan kan ṣì ń sọ pé ó kéré."

Mo wo àpèjúwe yín: ẹ ní gbogbo orí òrùlé ọkọ̀ ń hàn. Ibẹ̀ ló wà. Ọkọ̀ kékeré gidi máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 145. Ẹni tó dúró kì í rí ju etí òrùlé rẹ̀ lọ, ẹni tó lóṣòó kì í rí òrùlé rárá. Tí ẹ bá ń rí gbogbo rẹ̀, lẹ́ǹsì yín ṣì ga bí ojú ẹni tó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìsàlẹ̀ kámẹ́rà ńlá nípọn ni, kò jẹ́ kí lẹ́ǹsì dé ibi tó yẹ. Ẹ má gbé e sórí tábìlì. Ẹ gbé e sí iwájú tábìlì, lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, kí ara rẹ̀ wà nísàlẹ̀ etí tábìlì tó kọjú sí yín, kí lẹ́ǹsì nìkan yọjú sókè.

Ẹni tó ń béèrè nípa ọkọ̀ 1:64, tiyín le jù bẹ́ẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 2.5 ni ojú ẹni tó dúró, lórí tábìlì lásán kò ju sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ lọ. Fóònù ni kí ẹ lò. Lẹ́ǹsì rẹ̀ wà ní igun òkè, torí náà ẹ dorí fóònù kodò, kí igun yẹn wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì mú un sí iwájú etí tábìlì bí mo ṣe wí. Ẹ ó lè sọ lẹ́ǹsì kalẹ̀ dé ibi tó bá wù yín. Àwòrán náà kò ní dojú dé, fóònù á tún un yí fúnra rẹ̀.

Ẹ fi èyí tí ẹ bá yà ránṣẹ́. Ẹ sọ gíga tábìlì yín pẹ̀lú, ká lè bá yín ṣírò rẹ̀.